Clarrie Tó Fi Tàpólì Bo Ìrì Dídì

Lánàá, Ọjọ́rú, ni wọ́n gbé ẹjọ́ kan wọ ààfin àwọn arúgbó tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Mullagong. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò ní agbẹjọ́rò, kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ àfi ife ọbẹ̀ elégédé kan tó ti ń tutù.

Ààfin yìí kì í ṣe ààfin lọ́jọ́ mìíràn. Ilé onípákó ni, lẹ́bàá pápá, tí afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé bí ẹni tó sanwó ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí òtútù bá wọ eegun tán, tí Kérésì oṣù Keje, èyí tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ìgbà òtútù wọn, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Balógun ẹgbẹ́ a gbé aṣọ balùwẹ̀ pupa kan wọ̀, a fi ìbòrí olówùú tí wọ́n fi ń bo ìkòkò tíì dé orí bí adé, a sì di Kábíyèsí. Ẹni tó bá gbàgbé láti pè é bẹ́ẹ̀, òun ni yóò fọ ife gbogbo ènìyàn.

Balógun ọdún yìí ni Maeve Kilgour. Olórí nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn ojú tí ibà máa ń rí tó fi ń sá.

Clarrie Hesketh jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé sáàárín ilé fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ méjì ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí Neville Strudwick dìde, tó sì so táì mọ́ ọrùn, èrò rẹ̀ yí padà. Ẹnikẹ́ni kì í so táì nítorí eré.

Òfin ẹgbẹ́ kò sì ṣòroó rántí: ẹni tó bá ṣe màgòmágó sí pápá kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ mọ́ títí òdòdó igi wátúlù yóò fi yọ nígbà tí òtútù bá ń parí. Fún ẹlòmíràn, ìsinmi nìyẹn. Fún Clarrie, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ìwọ́wé tí Ettie ìyàwó rẹ̀ ti kú, Ọjọ́rú, tí ẹgbẹ́ máa ń pàdé, nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń là ju kí ó kí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ lọ́jọ́ náà ló máa ń gbé lọ sílé, tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí Ọjọ́rú mìíràn.

Kábíyèsí fi orí ọ̀pá gọ́ọ̀fù àtijọ́ kan lu tábìlì.

"Neville Strudwick, ta lo pè lẹ́jọ́?"

"Clarrie Hesketh ni, Balógun."

"Ta ni?"

"Clarrie Hesk..."

"Mo ní, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ dákun, Kábíyèsí!"

"Ó ti pẹ́ jù. Ìwọ lo máa fọ ife. Ó yá, máa wí."

Neville wú ikọ́. "Kábíyèsí, gbogbo wa la mọ òfin. Bí ìrì bá dì sórí koríko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ pápá títí yóò fi yọ́, torí ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀, koríko ibẹ̀ á kú. Clarrie la fi ṣe olùṣọ́ ìrì. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó lọ sẹ́yìn táńkì omi, kó fọwọ́ kan koríko ìdí èèkàn tí a rì síbẹ̀ fún àmì, kó wá sọ fún wa pé ó ti yọ́ tàbí kò tíì yọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òtútù ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìrì ò yọ́ mọ́ ní Mullagong! Oòrùn á ràn, ẹyẹ á máa kọrin, kangarú á nà gbalaja ní ihò kẹrin bí ẹni tó wà létí òkun. Clarrie á wọlé, á mi orí, á ní: 'Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò tíì yọ́ o. Ẹ tún bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i.'"

Ó sín Clarrie jẹ débi pé Clarrie fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Kí ni ọbẹ̀ mi fi ṣe ẹ́?" Dulcie Vane ló ké bẹ́ẹ̀ láti ìdí ìkòkò. Òun ló máa ń se ọbẹ̀ Ọjọ́rú, ṣíbí ńlá kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọbẹ̀ rẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, Dulcie. Àkókò ni mò ń sọ. Ihò méjìdínlógún ló yẹ ká gbá kí ẹnì kan tó lè gba ife-ẹ̀yẹ ìgbà òtútù. Mẹ́sàn-án la máa ń gbá tí oòrùn á fi wọ̀. Èmi ni mo sì wà níwájú, Kábíyèsí! Mi ò wà níwájú rí látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹ wo irun orí mi. Ṣé ẹ rò pé mo ṣì ní ìgbà òtútù púpọ̀ nínú àpò ni?"

Lára àwọn tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ yẹ àpò ara rẹ̀ wò.

Roly Tench, àgbà ìgbìmọ̀, tó ti ń sùn lẹ́bàá iná láti ìbẹ̀rẹ̀, jí lójijì. "Ó jẹ̀bi!"

"Roly, a ò tíì gbọ́ ti ẹnu olùjẹ́jọ́."

"Ó jẹ̀bi náà ni," ni Roly wí, ó sì padà sójú oorun.

"Nígbà tí ara fu mí," ni Neville ń bá a lọ, "mo yọ́ lọ sẹ́yìn táńkì. Kí ni mo bá níbẹ̀? Tàpólì! Wọ́n tẹ́ tàpólì sórí ìrì, wọ́n gbé òkúta lé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni tó ń bo oúnjẹ nítorí eṣinṣin. Gbogbo pápá ti gbẹ. Abẹ́ tàpólì yẹn nìkan ló funfun!"

Kábíyèsí yíjú. "Clarrie, ìwọ lo tẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Nítorí kí ni?"

Clarrie wo inú ife rẹ̀. Òótọ́ wà lọ́fun rẹ̀ bí eegun ẹja. Ó mọ bó ṣe máa ń rí: tí ìrì bá ti yọ́, gbogbo wọn á fọ́n ká sórí pápá, oníkálukú á máa wá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kiri, tí wọ́n bá sì padà dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n á kó sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n bí ìrì bá ṣì wà, iná wà, ọbẹ̀ wà, ẹnì kan á sì ní, "Clarrie, ṣé o rántí..." Ó gbé òótọ́ náà mì, ohun mìíràn ló sì bọ́ jáde.

"Kí òtútù má baà mú un ni."

"Kí òtútù má baà mú ta ni?"

"Ìrì náà."

Kábíyèsí fi ìka gbé adé rẹ̀ sókè díẹ̀ kí etí rẹ̀ lè gbọ́ dáadáa. "O fi aṣọ bo ìrì dídì, kí òtútù má baà mú un?"

"Kábíyèsí, ìta ló sùn mọ́jú."

Ilé ya sẹ́rìn-ín. Neville na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ! Òtútù ló bí ìrì! Báwo ni òtútù á ṣe tún mú un?"

"Ṣé ìyá tó bí ọmọ kì í na ọmọ ni?"

"Clarrie!"

"Àlejò sì tún ni," ni Clarrie wí. Ó ti rí i pé irọ́ náà ń rìn, ó jẹ́ kó máa lọ. "Ó ti ojú ọ̀run wá kí wa, kò ní pẹ́, yóò lọ. Ṣé kí n wá lé e kó tó jókòó dáadáa ni? Neville ò mọ àlejò ṣe ló jẹ́ kó máa bínú. Bí ènìyàn bá kí i nílé, ojú aago ló máa ń wò."

"Irọ́ gbuu! Ìgbà wo lo kí mi nílé?"

"Ìgbà wo lo pè mí?"

Neville yí táì rẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Ẹlẹ́rìí!" ni Kábíyèsí pè. "Dulcie Vane, kí lo rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i, Kábíyèsí. Tàpólì aláwọ̀ ewé ni. Afẹ́fẹ́ ló gbé e síbẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ ló gbé òkúta mẹ́rin lé e?"

"Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà le gan-an, Kábíyèsí."

"Dulcie, o mọ̀ pé irọ́ lò ń pa!" ni Neville ké.

"Èmi?" Dulcie na ṣíbí sí i, ọbẹ̀ kán sílẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, Kábíyèsí. Òfin ìgbà òtútù ní, bí bọ́ọ̀lù ènìyàn bá há sínú ẹrẹ̀, kó gbé e, kó nù ún, kó gbé e kalẹ̀ sí ibi tó sàn, kò sí ìjìyà. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi ń tì í. Neville á kúnlẹ̀! Á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹyin, á gbé e kalẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bóyá ara tù ú. Gbogbo wa á dúró, eékún wa á máa pariwo. Ta wá ló ń jẹ àkókò ènìyàn?"

"Bí wọ́n ṣe kọ òfin ni mo ṣe ń tẹ̀ lé e," ni Neville rọra wí.

"Ẹlẹ́rìí kejì. Janusz Wolny."

Janusz dìde. Láti Póláńdì ló ti wá nígbà ọ̀dọ́ láti bá wọn kọ́ ògiri tó ń sé omi odò sórí àwọn òkè wọ̀nyí, kò sì tíì gbà títí dòní pé òtútù dé ibẹ̀ rí.

"Kábíyèsí, ká tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀ ń pè ní òtútù yìí, nílé wa, ẹ̀ẹ̀rùn là ń pè é."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Tàpólì ńkọ́?"

"Gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń rí i. Búlúù ni."

"Dulcie ní aláwọ̀ ewé ni."

"Ojú Dulcie ti ń ṣe bàìbàì."

"Ojú ta ni?" ni Dulcie wí.

"Búlúù ni, Kábíyèsí. Mo lè fi orí mi búra."

"Kí ló mú un dá ẹ lójú tó bẹ́ẹ̀?"

"Háà, ṣé n ò ní dá tàpólì ara mi mọ̀ ni?"

Janusz fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Tàpólì tìrẹ?"

"Clarrie ló yá a. Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi. Èmi àti Roly máa ń ta dráfù láàárọ̀. Bí ìrì bá tètè yọ́, kò ní jẹ́ ká ta á tán. Mo ń fẹ́ jẹ ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀kan kó tó kú!"

"O ò ní jẹ mí," ni Roly wí láìla ojú.

"Èyí aláwọ̀ ewé wá ńkọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Dulcie. Dulcie bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò.

"Elégédé kì í tètè rọ̀ nígbà òtútù," ni ó wí. "Tèmi ni mo yá a lọ́jọ́ tí ti Janusz ya. Ṣé kí n máa bu òkúta fún yín jẹ ni?"

"Ọ̀tẹ̀!" Táì Neville ti ṣẹ́rí sí èjìká. "Ọ̀tẹ̀ ni gbogbo wọn dì! Ẹ sì jẹ́ kí n bi yín léèrè, Kábíyèsí. Lọ́dún tó kọjá, iwájú ilé ni èèkàn yẹn wà, nínú oòrùn. Ta ló fà á tu, tó lọ rì í sẹ́yìn táńkì, níbi tí oòrùn ò lè dé?"

Kábíyèsí tún adé rẹ̀ ṣe. Ó tún bẹ́líìtì aṣọ balùwẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Ìbéèrè yẹn kò sí níwájú ilé ẹjọ́ yìí," ni ó wí. "Bí o bá ní ẹ̀rí mìíràn, mú un wá."

"Mo ní in! Èyí tí yóò pa á lẹ́nu mọ́ sì ni." Neville sún mọ́ àárín ilé. "Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sílé Clarrie."

Clarrie gbé ojú sókè.

"Kò sí nílé. Tàpólì ni mo ń wá. Mo yọjú wo fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀. Kábíyèsí, ìrì dídì ló kún ojú gíláàsì! Ó ya ewé, ó ya òdòdó, ó yọ ẹ̀ka. Mo fi ọwọ́ nù ún, kò nù. Mo fi ìbọ̀wọ́ nù ún, kò nù. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Inú ló wà! Kì í ṣe ìta rárá. Inú ilé ni, lọ́sàn-án gangan! Ọkùnrin yìí ń sin ìrì dídì bí ẹni ń sin adìẹ! Ibẹ̀ ló ti ń tọ́ ọ dàgbà kó tó máa kó o wá sórí pápá!"

Ó yí padà, ó ń retí ẹ̀rín.

Ẹ̀rín kò wá. Dulcie gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Nínú ilé?" ni Kábíyèsí bèèrè. Ohùn ọba ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohùn nọ́ọ̀sì ló kù.

"Nínú, Kábíyèsí. Mo lè..." Neville wo ojú àwọn ènìyàn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nínú ni."

"Clarrie, ìgbà wo lo dáná kẹ́yìn sínú ààrò tó ń mú ilé rẹ gbóná?"

"Igi wà," ni Clarrie wí. "Igi pọ̀."

"Igi pọ̀ lóòótọ́," ni Neville wí. "Ó kún ìloro rẹ̀ dé òrùlé. Ó kù díẹ̀ kó wó lù mí."

"Mi ò bi ẹ́ ní igi, Clarrie. Iná ni mo bi ẹ́."

Clarrie yí ife náà lọ́wọ́. Ọbẹ̀ inú rẹ̀ ti dì lójú.

"Igi ni tèmi," ni ó wí. "Iná ni ti Ettie. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Mò ń la tèmi."

Ohun kan ṣì kù nínú ààrò náà tí kò sọ. Ẹnikẹ́ni kò sì bi í.

"Ó jẹ̀bi!" ni Roly ké.

"Ta ni, Roly?" Lọ́tẹ̀ yìí, Kábíyèsí kò bá a wí.

Roly wo Clarrie. Ó wo Neville. Ó wo Janusz àti Dulcie, ó sì wo Kábíyèsí pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún di ojú rẹ̀.

Kábíyèsí lu tábìlì. "Ẹ dìde fún ìdájọ́."

Dídìde náà gba àsìkò. Orókún pọ̀ níbẹ̀, èyí tó dá ṣáṣá kò tó nǹkan.

"Ilé ẹjọ́ yìí ti gbọ́ tẹni méjèèjì, ó sì ti gbọ́ irọ́ àwọn ẹlẹ́rìí. Clarrie Hesketh, o jẹ̀bi. O pa irọ́ fún wa, o sì fi ọbẹ̀ tì í lẹ́yìn. Mo gba ipò olùṣọ́ ìrì lọ́wọ́ rẹ. Èèkàn ẹ̀yìn táńkì, kí wọ́n fà á tu lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí ní ìtàn rẹ̀."

Neville mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò.

"Ṣùgbọ́n òfin ní a ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ìrì dídì bá ṣì wà lórí ilẹ̀ wa. Ẹ̀rí sì ti fi hàn pé ó wà. Láti òní lọ, mo so ilé ìdáná Clarrie mọ́ pápá ẹgbẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọ̀pá sí bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́rú kankan títí fèrèsé yẹn yóò fi mọ́ gaara."

"Kábíyèsí!" ni Neville ké. "Ìyẹn lè gbà wá di ọ̀sán!"

"Ó lè gbà yín di ọ̀sán, bí ẹni tó ń kánjú bá jókòó sílé rẹ̀. Neville Strudwick, ìwọ ni olùṣọ́ ìrì tuntun. Gbogbo Ọjọ́rú, kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá lọ sílé Clarrie, wàá dáná. O ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ ha gíláàsì náà, o ò gbọdọ̀ da omi gbígbóná sí i. Iná ni yóò yọ́ ọ, ìwọ yóò sì jókòó tì í. Tó bá yọ́ tán, kí o tẹ̀ mí láago, eré á bẹ̀rẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀! Èmi ni mo pẹjọ́!"

"Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. O rí ìrì dídì nínú ilé ẹnìkejì rẹ, ẹjọ́ lo gbé wá. O ò mú ìṣáná lọ."

Neville fa táì rẹ̀ padà sí àárín.

"Clarrie ò ní kúrò láàárín wa. Ìyà tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ." Kábíyèsí mí kanlẹ̀, bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Clarrie, wàá din ẹyin fún Neville. Nígbà tó bá ń jẹ ẹ́, wàá jẹ́ kó sọ ìtàn gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá rí láyé rẹ̀ fún ẹ, ní ihò kọ̀ọ̀kan. O ò gbọdọ̀ yán."

Ìbẹ̀rù gba gbogbo ilé. Janusz fi ọwọ́ sórí àyà. "Kábíyèsí, ẹ ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́," ni ó wí. "Àgbàlagbà ni."

"Mo ti dá a. Ẹ túká."

Neville fọ ife gbogbo ènìyàn. Clarrie dúró tì í, ó ń fi aṣọ nù wọ́n.

Òní ni Ọjọ́bọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Clarrie ti jí, ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù àti fìlà rẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Neville ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìròyìn àtijọ́ lábíyá àti ìṣáná lọ́wọ́, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín.

"Ọjọ́bọ̀ lòní, Neville."

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́rú ni wọ́n ní."

"Mo wá dán pápá wò ni. Ìwọ tó ń fi aṣọ bo ìrì, ṣé o ò lè ní kí ènìyàn wọlé?"

Wọ́n wọlé. Neville kọ́kọ́ lọ wo fèrèsé láti inú. Ó wò ó pẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ níwájú ààrò onírin náà, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n rún wà nísàlẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀ ní ìdábùú, èèpo igi gbígbẹ lé e, èso igi páìnì kan wà lókè pátápátá. Eruku fẹ́lẹ́ ti bò ó.

"Ṣebí wọ́n ti tò ó sílẹ̀ rèé," ni Neville wí. "Iná ló kù." Ó fa ẹyọ ìṣáná kan yọ.

"Má ṣá a."

Ọwọ́ Neville dúró.

"Ettie ló tò ó," ni Clarrie wí lẹ́yìn rẹ̀. "Láàárọ̀ tí wọ́n wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní tóun bá dé, òtútù á ti mú òun, òun á kàn ṣáná sí i ni."

Neville dá ẹyọ ìṣáná náà padà sínú páálí rẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí.

"Clarrie," ni ó wí, "ìgbà òtútù la wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O mọ òfin. Ohun tó bá há síbi tí kò dára, o lè gbé e, kí o gbé e kalẹ̀ sí ibi tó sàn. Kò sí ìjìyà."

Clarrie lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú àwo onírin tí Ettie fi ń sun ẹran wá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá eékún Neville.

Neville fi ọwọ́ méjèèjì gbé èso páìnì náà bí ẹyin. Ó gbé èèpo igi, ó gbé igi wẹ́wẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìwé tó rún náà láìjẹ́ kó tú. Ó tún gbogbo rẹ̀ tò sínú àwo náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, èso páìnì lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó bóyá ara tù ú. Clarrie gbé àwo náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ojú lè tó.

Lẹ́yìn náà, ó jáde lọ kó igi wá.

Nígbà tí iná mú, tí ẹyin sì ń ta nínú páànù, Neville tú táì rẹ̀. Ó ní ọmọdékùnrin lòun nígbà tóun kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, pé ọ̀pá tí wọ́n yá òun gùn ju òun lọ, pé bọ́ọ̀lù náà kọjá sí ọgbà àwọn àlùfáà. Ó dé ihò kejì, ó fẹ́ máa kánjú lọ sí ẹ̀kẹta. Lójú fèrèsé, ọ̀kan nínú àwọn òdòdó funfun náà tú, ó di omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀.

Clarrie rí i. Kò yán.

"Rọra máa sọ ọ́," ni ó wí, ó sì yí ẹyin padà. "Kò tíì yọ́ tán."